Ẹ̀gbọ́n Mi Lórí Àga

Èmi tí mò ń kọ ìwé yìí ni télọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ilé. Ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ ni bàbá akunlé tó ń gbé lókè, ọmọ àgbẹ̀, tí kò jókòó ní kíláàsì rí láyé rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó fi gbogbo ọjọ́ ayé ṣe búrẹ́dì tà, ń ṣàìsàn nínú yàrá rẹ̀ lókè níbẹ̀, ó sì ti ní kí bàbá ya àwòrán òun. Àwọn ọmọ ìyá náà wà ní ìlú mìíràn. Wọ́n ń sọ lórí fóònù pé bàbá ń fi aláìsàn ṣeré. Ó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀ kí wọ́n tó dé, ló bá ní kí n máa kọ ohun tí òun bá sọ. Mo ní mo gbà, ṣùgbọ́n n kò ní bu iyọ̀ sí i. Ó ní iyọ̀ kọ́ ni òun bẹ̀ mí fún, bírò ni.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù Kẹfà

Kọ ọ́ pé ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ ló bẹ̀ mí. Kọ ìyẹn ṣáájú ohun gbogbo.

Ó ní kí n gbé àpótí fọ́tò wá sórí ibùsùn. A yẹ̀ ẹ́ wò títí ó fi tán. Ìdúró ni ó wà nínú gbogbo rẹ̀. Níbi ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, ó dúró, ó gbé àwo dání. Níwájú ilé búrẹ́dì, ó dúró. Ní ọjọ́ tí wọ́n sin ọkọ rẹ̀ pàápàá, gbogbo ayé jókòó, òun ló dúró lẹ́yìn wọn bí ẹni tó ń dúró de owó ọjà.

Ó ní, "Àbúrò, ṣé mi ò ní ìdí ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Yà mí ní ìjókòó. Ọ̀dà olóróró ni kí o fi yà mí, bíi ti adájọ́ tí o fi ń yọ wá lẹ́nu yẹn."

Àwòrán adájọ́ náà wà lára ògiri ilé ẹjọ́ tí mo kùn nígbà tí eyín mi ṣì pé. Iwájú rẹ̀ ni mo ti máa ń jẹun ọ̀sán. Bí ẹni pé ẹ̀jẹ̀ ń lọ lábẹ́ awọ rẹ̀ ni. Kò sí ẹni tó kọ́ mi, ojú ni mo fi jí iṣẹ́ náà. Láti ìgbà náà, mo ti ya orí sára pátákó onígbàjámọ̀ kiri, ṣùgbọ́n n kò tíì ya ẹni tó jókòó níwájú mi tó ń mí.

Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé mo gbọ́. Dókítà ti ní kò ní pẹ́. Kò sọ iye tí kò-ní-pẹ́ jẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹta

Mo lọ ra ọ̀dà. Túùbù rẹ̀ kò ju ìka lọ, owó rẹ̀ sì ń bá ilé alájà dọ́gba. Funfun ló wọ́n jù, funfun náà ni mo sì nílò jù. Ọmọbìnrin tó ń tà á gbé ìgò kékeré kan lé mi lọ́wọ́, ó ní òróró tí a fi ń pò ó nìyẹn. Ìgò náà kò ju ti oògùn ikọ́ lọ.

Mo ní, "Òróró ni òróró. Ó kún ilé ìdáná mi."

Ó ní, "Bàbá, kì í ṣe oríṣi kan náà o."

Mo ní kí wọ́n tó bí i ni mo ti ń po ọ̀dà. Ó ní, "Ẹ má bínú, sà." Ó gbé ìgò rẹ̀ padà.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ karùn-ún

Kápẹ́ńtà ti kan igi àwòrán náà, a na kánfáàsì, aṣọ tí a ń yàwòrán sí, lé e lórí títí ó fi le. Mo gbé àga alápá sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ẹ̀gbọ́n mi wọ aṣọ búlúù rẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé apá àga bí ọba.

Mo ní, "Ẹ má mi orí."

Ó ní, "Orí mi ni àbí tìẹ?"

Nọ́ọ̀sì tó ń wá tọ́jú rẹ̀ wọlé pẹ̀lú abẹ́rẹ́. Ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí Màmá sinmi."

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ìsinmi náà nìyí. Ṣé o ò rí i pé mo jókòó ni?"

Ó jókòó títí oòrùn fi kúrò lójú fèrèsé. Mo fi èédú ya gbogbo ara rẹ̀. Inú mi dùn, mo sì sọ fún télọ̀ pé kí ó kọ ọ́ pé inú mi dùn.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án

Ó ní kí n yí i kí òun wò ó. Ó wò ó títí. Nígbà tó yá, ó ní, "Ìyá wa rèé."

Mo ní, "Kí lẹ wí?"

"Mo ní ìyá wa rèé. Láti àárọ̀ ni mo ti fi egungun ìdí jókòó síbí, ìyá wa lo lọ yà. Àwọn ti kú, Àbúrò. Èmi ló kù."

Mo bínú jáde. Mo rìn dé òpin àdúgbò. Nígbà tí mo padà dé, mo jókòó síwájú kánfáàsì, òótọ́ ni. Imú ìyá wa, àgbọ̀n ìyá wa, ìwò ìyá wa nígbà tí oko bá dára. Ẹ̀gbọ́n mi ni ojú mi ń wò, ohun tí ọwọ́ mi ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ló sì ń yà. Mo fi àkísà nu ojú náà kúrò, mo fi ara àti aṣọ sílẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàlá

Mo ti mọ bí mo ṣe máa ṣe é. N kì í ya imú mọ́. Òjìji tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú ni mò ń yà. Tí mo bá ti ní "imú" lọ́kàn, ìyá wa á tún yọjú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá

Lónìí, ojú òsì lórí kánfáàsì wò mí. Mo sún sẹ́yìn, ó tẹ̀ lé mi. Mo pariwo débi pé télọ̀ sáré gun àtẹ̀gùn, ó rò pé ikú ti dé.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkàndínlógún

Eṣinṣin kan bà sí iwájú orí rẹ̀ lórí kánfáàsì, kò sì lè fò mọ́. Mo fi ìka kan ẹ̀rẹ̀kẹ́, ìka mi rì wọ inú rẹ̀. Ọ̀dà tí mo kọ́kọ́ kùn ṣì tutù bí ẹní kùn ún láàárọ̀ yìí. Òjò ni, ó ní láti jẹ́ òjò ni. Ọ̀rinrin ò jẹ́ kí nǹkan kan gbẹ.

Àkọ́bí rẹ̀ pè lórí fóònù. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, fóònù á ya Màmá ní ìjókòó wéré. Kí lẹ̀ ń fìyà jẹ wọ́n fún?"

Mo ní, "Nígbà tí fóònù lè yà á ní ìjókòó, ta ló ń gbé àwo fún yín?"

Mo gbọ́ tó ń mí. Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu mi, kò dùn nínú mi.

Kí wọ́n má baà sọ pé a ò dán an wò, kọ ọ́ pé nọ́ọ̀sì fi fóònù yà á lórí àga. Ẹ̀gbọ́n mi gba fóònù, ó wò ó, ó ní, "Ìyá aláìsàn yìí, ta ni?" Ó dá a padà fún un. Ó ní, "Àìsàn lèyí rí. Àbúrò mi ni kí ẹ jẹ́ kó wá mi kàn lábẹ́ rẹ̀."

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìlélógún

Oòrùn yọ. Mo gbé àwòrán náà síta kí ó gbẹ. Mo wọlé lọ fún ẹ̀gbọ́n mi ní omi. Nígbà tí mo jáde, ẹ̀rẹ̀kẹ́ àwòrán náà ti ṣàn dé ọrùn.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàlélógún

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀dà. N kò mọ bí màá ṣe bẹ̀rẹ̀, mo kàn bi í pé kí ló ń mú kí ọ̀dà má gbẹ. Ọmọbìnrin náà wo ojú mi, ó ti mọ̀.

Ó ní, "Ti ilé ìdáná lẹ lò, àbí?"

Mo ní, "Mo lò ó díẹ̀."

Ó ní, "Bàbá, òróró oúnjẹ kì í gbẹ. Ọdún tó ń bọ̀ á bá a bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá tiẹ̀ kùn òmíràn lé e lórí, ìsàlẹ̀ á ṣì máa yọ̀ ni."

Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ì bá sàn kó fi mí ṣe é. Mo ra ìgò kékeré náà. N kò lè wo ojú ẹnikẹ́ni títí mo fi délé.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Mo fi ọ̀bẹ ha ọ̀dà náà kúrò lórí kánfáàsì. Gbogbo rẹ̀. Àti ojú òsì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

N kò tíì sọ fún un. Ó ní kí n gbé òun sórí àga, mo ní òjò fẹ́ rọ̀. Ó wo ojú ọ̀run, kò sí ìkùukùu kan. Ó ní, "Kí lo bà jẹ́?"

Láti kékeré ló ti máa ń bi mí báyẹn. Mo sọ fún un: òróró, àfojúdi mi fún ọmọ ọlọ́jà, ọ̀bẹ, gbogbo rẹ̀. Mo ń retí kó bú mi. Ọ̀lẹ, olórí kunkun, èyíkéyìí tó bá wù ú.

Ó ní, "Tí ìyẹ̀fun bá bà jẹ́, a máa ń dà á nù ni, a ó sì po òmíràn. Ṣé o ti rí mi tí mò ń sunkún lé búrẹ́dì lórí rí?"

Mo ní rárá.

Ó di ọwọ́ mi mú. "Ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun náà ti ń tán nínú àpò, Àbúrò. Yára."

Télọ̀, má kọ ohun tí mo ṣe lẹ́yìn ìyẹn.

(Mi ò kọ ọ́.)

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kìíní oṣù Keje

A tún bẹ̀rẹ̀. Òróró tó yẹ ni mo lò báyìí, ó ń rùn bí igi tútù. Kánfáàsì tuntun ni, kápẹ́ńtà kò gbà kí n san nǹkan kan.

Obìnrin tó jókòó síwájú mi kọ́ ni mo yà ní oṣù tó kọjá. Àgbọ̀n ti yọ síta. Ojú ti wọlé. Ohun tí mo bá rí ní ọjọ́ kan, ní ọjọ́ kejì kò sí níbẹ̀ mọ́. Mo wò ó, mo gbójú sí kánfáàsì, mo tún wò ó, ó ti yàtọ̀. Àìsàn yìí náà ń yàwòrán, ọwọ́ rẹ̀ sì yá ju tèmi lọ. Bí mo bá ń lé e, n kò ní bá a láéláé.

Mo pinnu: ojú tí mo bá rí lónìí ni màá dì mú. Kí èyí tó ń bọ̀ máa lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrin

Kò lè jókòó ju ìgbà tí omi tíì á fi hó lọ. Ara rẹ̀ ń wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Télọ̀ rán ọ̀já fífẹ̀ kan tó fi òwú sínú rẹ̀, a fi dì í láyà mọ́ ẹ̀yìn àga lábẹ́ aṣọ búlúù, kò sì hàn síta. Nọ́ọ̀sì rí i, ó fọwọ́ lé ìbàdí.

"Ẹ ti wá so wọ́n mọ́lẹ̀?"

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Èmi ni mo ní kí wọ́n so mí. Ọmọ yìí, nígbà tí mo ń jóná lẹ́nu ààrò, ta ló wá tú mi?"

Nọ́ọ̀sì ní ọ̀rọ̀ náà kò dára. Ṣùgbọ́n ó mú ìrọ̀rí kan wá, ó fi tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ keje

Òjò. Kò sí ìmọ́lẹ̀. Kò jẹun.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹjọ

Òjò. Mo jókòó síwájú àga tó ṣófo, mo ń wo ibi tí orí rẹ̀ yẹ kó wà. Àkọ́bí rẹ̀ pè, ó ní ní òpin ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ òun máa wá gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lọ́dọ̀ àwọn. Mo ní kó bi ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní kí ó wá, ṣùgbọ́n ilé àwòrán lòun wà, òun ò lọ sí ilé ìwòsàn.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹwàá

Kọ ọ́ dáadáa: ojú ti parí.

N kò mọ̀ pé ó máa tán lónìí. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kan ẹ̀gbẹ́ ẹnu, lẹ́ẹ̀kan péré, ẹni náà sì dé. Mo gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ kí n má baà bà á jẹ́.

Mo yí i sí i. Ó pẹ́ lórí rẹ̀. Ó ní, "Obìnrin yìí burú lẹ́nu."

Mo ní, "Ẹ̀yin ni."

Ó ní, "Mo mọ̀. Má fọwọ́ kan ẹnu yẹn mọ́."

Lẹ́yìn náà ó sùn lórí àga, nínú ọ̀já, bí ọmọ tí a pọ̀n.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàlá

Ọwọ́ ọ̀tún. Àwọn àpá ààrò wà lápá rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ láti ọrùn ọwọ́ lọ sókè. Mo fẹ́ fo èyí tó burú jù. Ó ní, "Fi í síbẹ̀. Owó ilé ìwé àkọ́bí mi nìyẹn." Mo fi í síbẹ̀. Ọwọ́ náà di apá àga mú bí ẹni tó fẹ́ dìde. Ó ní òun ò fẹ́ dìde o. Mo ní ọwọ́ yín ni kò gbọ́.

Ó ku ọwọ́ òsì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Ó ní kí a gbé òun sórí àga. Nọ́ọ̀sì ní rárá. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí, mo ní kí a gbé e. Èmi ni mo sọ ọ́, ẹ má fi kan nọ́ọ̀sì.

A kàn gbé e sókè díẹ̀ ni. Igbe tó ké, láti ìgbà tí mo ti dé ayé, n kò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Mo tẹ́ ẹ padà. Mo ní ó tó.

Ó ní, "Ta ló ní ó tó? Gbé mi!"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò gbé yín mọ́."

"Ọ̀lẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Olórí kunkun."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi."

Mo gbìyànjú láti ya ọwọ́ òsì bó ṣe wà lórí ibùsùn. Ọwọ́ tó tẹ́ sílẹ̀ kọ́ ni ọwọ́ tó di àga mú. Iṣan rẹ̀ sá lọ síbòmíràn. Mo nù ún kúrò. Ó ń wò mí láti orí ìrọ̀rí, ó ní, "Kò jọ ọ́, àbí?" Mo ní kò jọ ọ́. Ó ní kí n sinmi.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Ó ti lọ. Àárọ̀ ni. Nọ́ọ̀sì ló pa ojú rẹ̀ dé.



Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkàndínlógún

Àkọ́bí dé. Ó ti wá láti bá mi jà, mo rí i nínú bó ṣe ń gun àtẹ̀gùn. Ó wọ yàrá, ó rí ìyá rẹ̀ lórí kánfáàsì. Kò gbé àpò rẹ̀ sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Ó ní, "Màmá ń bínú sí mi nínú rẹ̀."

Mo ní, "Kì í ṣe ìwọ. Èmi ni. Mo ní kí wọ́n má mi orí."

Ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di nǹkan mìíràn. A jókòó, òun sílẹ̀, èmi sórí ibùsùn. Kò sẹ́ni tó jókòó sórí àga.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkànlélógún

A ti sin ín lánàá. Lónìí àkọ́bí ní òun mọ ayàwòrán kan tó kàwé iṣẹ́ náà, ó lè wá ya ọwọ́ òsì lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ní rárá. Ó ní, "Ó dáa, ẹ lo tèmi. Gbogbo ènìyàn ló ń sọ pé ọwọ́ Màmá ni mo gbé wáyé."

Òótọ́ ni, ọwọ́ rẹ̀ jọ ti ìyá rẹ̀. Ó jókòó sórí àga, ó gbé ọwọ́ òsì lé e. Kò mira títí di ọ̀sán. Mo yà á, ó sì dára. Kò sí ohun tí mo yà láyé mi tó dára tó o. Mo sún sẹ́yìn.

Ọwọ́ ọmọ ni. Ọwọ́ ẹni tí wọ́n rán lọ sí ilé ìwé ni. Kì í ṣe ti ara ẹ̀gbọ́n mi.

Mo mú àkísà. Àkọ́bí rí mi, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má—" Mo nù ún títí funfun fi padà. Lẹ́yìn náà mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní kò sí ohun tí mo bẹ̀ òun fún.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlélógún

Télọ̀, kọ èyí gan-an bí mo ṣe sọ ọ́.

Èmi ni mo ya àwòrán yìí. Ojú rẹ̀ tán. Ọwọ́ ọ̀tún tán, pẹ̀lú àpá rẹ̀. Ọwọ́ òsì kò tán, kò sì ní í tán. Ẹnikẹ́ni nínú àwọn ọmọ tàbí àwọn àna, ìbáà jẹ́ owó ló ní tàbí àánú, kò gbọdọ̀ pe ayàwòrán kankan wá láti parí rẹ̀, nígbà tí mo wà láyé tàbí nígbà tí n kò sí mọ́. Kì í ṣe pé n kò mọ ọwọ́ yà. Ẹni tó ni ín ló gbé e lọ, n kò sì lè jí i.

Kí wọ́n gbé e kọ́ sí yàrá tí wọ́n ti ń jẹun, kí ó wà ní ìjókòó síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì rán an níṣẹ́.

Bàbá tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ síbí. Mo ní kó kọ́kọ́ nu ọ̀dà kúrò lára rẹ̀; ó ní kí n máa ránṣọ mi.

Àwọn ẹlẹ́rìí:

Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú ìyá náà.

Àkọ́bí ìyá náà, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ síbí.